Ọkùnrin Tó Ń Ya Ẹ̀yìn Ènìyàn

Ká ní ojú ènìyàn jẹ́ oúnjẹ ni, ọkùnrin yìí ì bá ti yó kú tipẹ́tipẹ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń ya fọ́tò gbogbo ẹni tó bá wá gbà á. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti tò síta. Wọ́n á máa wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jókòó sórí àpótí kan tó ń mì, aṣọ funfun á wà lẹ́yìn wọn, òun náà á sì sọ ohun tó ti sọ fún ẹni tó ṣáájú: ẹ gbé àgbọ̀n sókè, ẹ wo ibí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ ọ́ ní Má-Rẹ́rìn-ín. Kò bínú sí i. Òun fúnra rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín, kí ni wọ́n sì fẹ́ kó máa fi rẹ́rìn-ín?

Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá ti parí, tó bá ti ti yàrá yẹn pa, á yọ kámẹ́rà tirẹ̀ nínú àpò, kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo fíìmù, á gbé e kọ́ ọrùn, á sì gba inú àdúgbò lọ. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í wò ló máa ń yà. Ó ya obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ nígbà tí àwọn ọ̀gá ti lọ sílé. Ó ya mẹ́gáàdì tó jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù rọ́pò rẹ̀. Ó ya bẹ́ǹṣì tí ìdí àwọn tó ń dúró de mọ́tò ti jẹ wọ inú igi rẹ̀. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀yìn ló sì ń yà nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn orí, ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀yìn aṣọ. Ojú kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀.

Tí wọ́n bá bi í, á ní ojú ti sú òun níbi iṣẹ́. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ya ojú ènìyàn ní láti kí i, ẹni tó bá sì kí ènìyàn láàárín tiwa yìí ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò lè tètè parí. Ẹ káàsán á bí ṣé àlàáfíà ni, ṣé àlàáfíà ni á bí ilé ńkọ́, ilé ńkọ́ á bí ìyàwó ńkọ́. Ìyàwó ńkọ́ yẹn gan-an ló ń sá fún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí ikú náà ṣì tuntun, á sọ pé ó ti kú, ẹni tó béèrè á káwọ́ lérí, á máa wí hàà, á máa wí ẹ kú ìfaradà, òun tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí á sì di ẹni tó ń rẹ àjèjì lẹ́kún. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn pé ó wà o, ó ń kí yín. Irọ́ yẹn wá dùn ún ju òótọ́ lọ. Bó ṣe jáwọ́ nínú kíkí ènìyàn nìyẹn. Tó bá rí ojúlùmọ̀ lókèèrè, á sọdá sí òdì kejì títì. Ó ṣe tán, ẹ̀yìn ò lẹ́nu, ẹ̀yìn kì í béèrè ìyàwó lọ́wọ́ ẹnì kan.

Inú balùwẹ̀ rẹ̀ ló ti ń fọ fíìmù, á sì fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há àwọn fọ́tò náà sórí okùn tó ta yí yàrá ká. Wọ́n pọ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé á rò pé gbogbo ayé ló ń jáde lọ, tí wọ́n ń fi onílé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọlé? Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ ládùúgbò ni ṣúmékà tó ń jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà, ìyẹn pàápàá nítorí pé kò sí ọ̀nà míì tí ènìyàn lè gbà jáde ni. Ṣúmékà yìí máa ń yọ ọ́ lẹ́nu, á ní ọ̀gá, ṣé àwọn tí ẹ ń yà yìí tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń ya àwọn? Ojú lọ̀rọ̀ wà o. Má-Rẹ́rìn-ín á pòṣé, á gòkè lọ. Nínú ọkàn rẹ̀, ó gbà pé òun nìkan ló ń rí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn nígbà tí gbogbo ìlú ń wò wọ́n kọjá. Ó máa ń fi èyí yangàn fún ara rẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn nítòsí tó lè yangàn fún.

Nínú gbogbo ẹ̀yìn náà, ọ̀kan wà tó wù ú ju ìyókù lọ. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó ń lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri ni. Tí olórin bá fẹ́ kọrin, tí olóṣèlú bá ń wá ìbò, ọkùnrin yìí ló máa gbé àkàbà àti korobá gọ́ọ̀mù jáde, á kọjú sí ògiri, á sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ojú àwọn ẹni ńlá mọ́ ibẹ̀. Alẹ̀wé ni wọ́n ń pè é. Gbogbo àdúgbò ló mọ ojú tó ń lẹ̀. Tirẹ̀ ni wọn ò mọ̀, nítorí ẹ̀yìn ló ń kọ sí ìgboro látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Má-Rẹ́rìn-ín mọ ẹ̀yìn yẹn bí ẹni mọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Èjìká òsì wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní àlẹ̀mọ́ lábẹ́ abíyá, gọ́ọ̀mù sì máa ń gbẹ sí i nígbọ̀nwọ́ títí á fi funfun. Ohun mìíràn ni pé Alẹ̀wé kì í kánjú. Ìgbàkígbà tí Má-Rẹ́rìn-ín bá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á rọra máa lọ, á sì dúró jẹ́ẹ́ títí kámẹ́rà á fi dún. Má-Rẹ́rìn-ín rò pé bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn Má-Rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni. Nígbà tó ṣí i, ṣúmékà ló rí, pẹ̀lú obìnrin kan tí eruku ọ̀nà bò lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Okùn bàtà obìnrin náà ló já, ó gbé e wá kí ṣúmékà bá òun rán an, ibi tí wọ́n ti ń rán an ló ti sọ ohun tó já bàtà òun: àbúrò òun ọkùnrin ni òun ń wá kiri ìlú. Ọmọ náà ò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó ní gbólóhùn asọ̀ pẹ̀lú bàbá wọn, tí bàbá fi ìbínú sọ pé kó má jẹ́ kí òun fojú kàn án mọ́ láéláé. Bàbá sọ ọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ò gbàgbé. Ó lọ, kò sì padà wá. Bàbá ti wá kú báyìí. Ìyá ló kù, orí ibùsùn lòun náà sì wà, kò jẹun mọ́, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá dún lẹ́nu ọ̀nà, á ní ṣé òun ni? Dókítà ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa dúró tì í. Ẹnì kan ló sọ fún obìnrin yìí pé òun rí i níhìn-ín, pé ìwé ló ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó ti wá a títí, mọ́tò ìrọ̀lẹ́ sì ni òun gbọ́dọ̀ wọ̀ padà, bóyá òun rí i o, bóyá òun ò rí i.

“Ṣúmékà ní ẹ máa ń ya àwọn ará ìgboro,” ni obìnrin náà wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fọ́tò rẹ̀?”

Ẹ wo bí inú Má-Rẹ́rìn-ín ṣe dùn. Ó dùn débi tó fi tì í lójú díẹ̀, nítorí ìṣòro ẹlòmíràn ló ń dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ wo ni ẹnì kan ti wá béèrè ohun tó ń yà rí? Ó fa àwọn fọ́tò Alẹ̀wé yọ lórí okùn, ó tú òmíràn jáde nínú páálí, ó tẹ́ gbogbo wọn sórí ibùsùn. Alẹ̀wé lórí àkàbà, Alẹ̀wé nínú òjò, Alẹ̀wé tó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí tó ń sinmi. Obìnrin náà ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ọ̀kan dé, ó wo òdì kejì ìwé náà, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni ojú wà.

“Ojú rẹ̀ ńkọ́?” ló béèrè.

Má-Rẹ́rìn-ín ní kó dúró ná. Ó tún páálí tú, ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo fíìmù tí kò tíì fọ̀ sí ìwé, ó gbé e sókè sí fèrèsé. Ọ̀kan ò sí. Obìnrin náà béèrè ibi tí ọkùnrin yìí ń gbé, kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, kò gbọ́ ọ rí. Ó béèrè ohun tí wọ́n jọ máa ń sọ, ó ní àwọn ò sọ nǹkan kan rí. Ṣúmékà tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá ń wo òkè àjà, ìyẹn sì dun Má-Rẹ́rìn-ín ju kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ.

Obìnrin náà jókòó sí etí ibùsùn. Ó ní òun ò lè búra sí ẹ̀yìn yìí. Ó ní àbúrò òun tí òun mọ̀ tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, kò ní èjìká báyìí, òun ò sì lè gbé ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni délé fún ìyá tó ń kú lọ. Kò pariwo ẹkún. Ó kàn fi etí gèlè nu ojú, ó sì ń nu ún lọ. Ìtìjú mú Má-Rẹ́rìn-ín débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó ti ya ọkùnrin kan láìmọye ìgbà, kò sì lè sọ bóyá ó ní irùngbọ̀n. Àwọn tó ń wò wọ́n kọjá, kí ni wọ́n wá fi burú ju òun lọ? Ó mú fọ́tò kan, ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn bó ti máa ń ṣe, ó ní kí obìnrin náà dìde, pé àwọn ń lọ wá a.

Ẹ mọ̀ pé ènìyàn ò lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò kí. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkóríta ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Má-Rẹ́rìn-ín dúró níwájú rẹ̀, ó ní ẹ káàsán o. Oníbúrẹ́dì wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó bi í pé ṣé òun ló ń kí. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i tó ń kọjá, òun rò pé odi ni. Kí Má-Rẹ́rìn-ín tó yọ fọ́tò jáde, ohun tó ń sá fún ti bọ́ sílẹ̀: ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́?

“Ó ti kú,” ló wí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́,” ni oníbúrẹ́dì wí. “Mo ti ń wò ó pé ẹ̀ ń dá rìn.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò káwọ́ lérí, kò pe Ọlọ́run. Má-Rẹ́rìn-ín dúró síbẹ̀ bí ẹni tó di ara fún ẹrù wíwúwo tó wá bá a fúyẹ́. Gbogbo sísọdá títì yẹn, nítorí ẹ pẹ̀lẹ́ kan ni.

Nígbà tí oníbúrẹ́dì gba fọ́tò náà, kò tiẹ̀ wò ó pẹ́. Ó ní Alẹ̀wé nìyẹn, ta ni ò mọ̀ ọ́n. Obìnrin àlejò yìí sáré béèrè bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Oníbúrẹ́dì ní ó ní irùngbọ̀n. Mẹ́gáàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, kò ní irùngbọ̀n, imú rẹ̀ ló tóbi. Ẹlòmíràn tó ń ra búrẹ́dì ní ẹ̀yin méjèèjì ò mọ nǹkan tí ẹ ń sọ, ọkùnrin pupa ni. Wọ́n gbé e, wọ́n sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ẹ̀yìn ọkùnrin náà dá gbogbo wọn lójú, ṣùgbọ́n kálukú fi ojú tó wù ú sí i. Mẹ́gáàdì ló wá rántí pé ó gba iwájú òun kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú ìdì ìwé lórí, pé apá ọ̀nà rélùwéè ló kọrí sí.

Wọ́n gba ọ̀hún lọ. Ojú olórin kan báyìí ló wà lára gbogbo ògiri, olórin kan náà, tó ń rẹ́rìn-ín kan náà. Má-Rẹ́rìn-ín fọwọ́ kan àkọ́kọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n rìn síwájú, ó fọwọ́ kan òmíràn, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin náà ti mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ń sáré fọwọ́ kan ojú olórin láti ògiri dé ògiri, àwọn tó ń kọjá sì ń wò wọ́n bí alárùn-ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n yà sí ibi ògiri gígùn tó wà lẹ́bàá rélùwéè, gọ́ọ̀mù ṣì ń kán lára ìwé, àkàbà kan sì wà níwájú.

Orí rẹ̀ ni Alẹ̀wé wà. Ìwé méjì ni wọ́n fi ṣe olórin náà, ó ti lẹ iwájú orí àti ojú, imú àti ẹnu ló kù. Obìnrin náà dúró. Ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún Má-Rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rù ń ba òun, pé tí kì í bá ṣe àbúrò òun ńkọ́? Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ó pe orúkọ tí ìyá wọn fi ń kẹ́ ẹ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lára ògiri. Gọ́ọ̀mù ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ò yíjú.

“Ta ni?” ló bi ògiri.

“Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.”

“Ṣé bàbá gbọ́ pé ẹ ń wá mi?”

“Bàbá ti kú. Ìyá ló ní kí n mú ojú rẹ wá fún òun.”

Ìgbà yẹn ló yíjú. Má-Rẹ́rìn-ín rí ojú náà níkẹyìn. Kò ní irùngbọ̀n, imú rẹ̀ ò tóbi, kò sì pupa. Gọ́ọ̀mù ta sí i nípéǹpéjú. Ojú obìnrin yìí gan-an ni wọ́n gbé sára ọkùnrin, ẹni tó bá ti rí ọ̀kan ti rí èkejì, ká ní Má-Rẹ́rìn-ín ti wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí àkàbà, kò jẹ́ kó rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń sunkún.

Nígbà tó sọ̀, tó gbọ́ bí ìyá ṣe wà, ó ní kí àwọn máa lọ lójú ẹsẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó rí ẹni tó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó wo kámẹ́rà tó wà láyà rẹ̀.

“Ẹ̀yin ni, àbí? Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró lẹ́yìn mi.”

Má-Rẹ́rìn-ín bi í pé báwo ló ṣe mọ̀, nígbà tí kò yíjú rí.

“Mo mọ ìró ẹsẹ̀ yín. Mo máa ń rọra ṣe é kí ẹ lè yà á dáadáa. Màá ní tí ẹ bá yà á tán, ẹ máa kí mi. Màá wá gbọ́ tí ẹsẹ̀ yín ń lọ.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ Má-Rẹ́rìn-ín lára. Ó ní ẹ má bínú. Alẹ̀wé ní kò sí nǹkan kan, ọ̀gá. Ó wo olórin tí kò tíì ní ẹnu yẹn, ó wo ìwé tó kù nílẹ̀, ó ní gọ́ọ̀mù máa gbẹ, iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Má-Rẹ́rìn-ín gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun máa bá a lẹ̀ ẹ́ tán.

Wọ́n ń lọ lẹ́bàá ògiri, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Èjìká òsì àwọn méjèèjì ló wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, Má-Rẹ́rìn-ín ò tíì rí ẹ̀yìn tó dára tó báyìí láti yà, kámẹ́rà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ké tẹ̀ lé wọn pé ó dàbọ̀ o, ẹ bá mi kí ìyá. Alẹ̀wé yíjú padà, ó juwọ́ sí i, wọ́n sì yà ní kọ̀rọ̀.

Ó gun àkàbà. Ó kọjú sí ògiri. Ó ń fi gọ́ọ̀mù pa ibi tí imú máa wà, ó sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń bọ̀, ẹsẹ̀ ń kọjá. Ó yà á lẹ́nu pé ènìyàn máa ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń wo ẹ̀yìn òun. Ẹnì kan tiẹ̀ dúró. Má-Rẹ́rìn-ín gbọ́ ọ tó ń mí, ó gbọ́ ọ̀rá tó gbé lọ́wọ́ tó ń dún. Ọwọ́ rẹ̀ rọra ń lọ láìmọ̀, ó ń dúró. Ẹsẹ̀ náà bá tirẹ̀ lọ. Ó wá dà bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ sílé. Ó sọ fún ògiri pé, “Báyìí náà ló ṣe ń rí.”

Nígbà tí ẹlòmíràn ń bọ̀, kò dúró kó kọjá. Ó di àkàbà mú, ó yíjú sí ìgboro, ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkùnrin kan ni, tó há ìwé ìròyìn sábíyá. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní òun ò rà, ó sì yára ẹsẹ̀.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Má-Rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó rín in dáadáa, lórí àkàbà, kò sì sí ẹni tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé tó kù, ó lẹ ẹnu olórin náà mọ́ ibi tó yẹ kó wà, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ mìíràn tó ń bọ̀.